Ènì ní Ayé Tí Kò Lérùpẹ̀

Bàbá, mo ti rí ilẹ̀ rà.
Kì í ṣe ní Ọbáńtokò, kì í ṣe ní Aṣerò,
kò sí ọmọ onílẹ̀ tó gbowó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ mi.
Inú kọ̀ǹpútà ni ilẹ̀ náà wà,
ó fẹ̀ tó ibi tí ọkọ̀ mẹ́rin lè dúró sí,
wọ́n sì ń gbowó rẹ̀ lóṣooṣù bí owó iná.

Ìsọ̀ ni mo kọ́ síbẹ̀.
Mo fi páànù tó dípẹtà bò ó,
nítorí mi ò mọ òrùlé mìíràn yà:
láti ojú fèrèsé wa ní Ìtòkò
pupa ni gbogbo orí ilé títí dé odò Ògùn.
Ṣùgbọ́n òjò ayé ọ̀hún kì í ba páànù jẹ́.
Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kun ìpẹtà náà,
ọjọ́ méjì gbáko.

Mo gbé àpótí kan sí àárín ìsọ̀.
Ẹ rántí àpótí onígíláàsì yín ní Lafẹ́nwá,
tí kásẹ́ẹ̀tì máa ń gbọ̀n nínú rẹ̀
bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá?
Irú rẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ kan tẹ̀ díẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ ni.
Ẹni tó bá fẹ́ orin á fọwọ́ kàn án,
á san owó ibẹ̀, owó tí kì í ya, tí kò ní òórùn ẹja,
orin á sì bọ́ sínú àpò rẹ̀.
Ìyẹn ni mo rò.

Alẹ́ ọjọ́ kìíní, àpótí gbowó, kò fún wọn lórin.
Ẹni mẹ́ta. Ọ̀kan ní ìyẹ́ léjìká,
ọ̀kan gbé orí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sọ́rùn,
wọ́n ń wo àpótí bí èrò tó ti sanwó búrẹ́dì
tí ọkọ̀ sì ṣí kí búrẹ́dì tó dé ọwọ́ rẹ̀.
Àmì kékeré kan ni mo gbàgbé, kò tó ojú abẹ́rẹ́.
Bí mo ti rí i báyìí, iná lọ.
Mo fa wáyà láti ọ̀dọ̀ Ṣówẹ̀mímọ́
tó ń ránṣọ Iléyá mọ́jú,
mo tún un ṣe, mo dá owó wọn padà.

Ẹ̀yin jókòó lẹ́yìn mi, ẹ ń fi bíròó yí kásẹ́ẹ̀tì,
ohùn Wúràọlá Ṣónúgà tí ẹ gbà sílẹ̀ ní pálọ̀ wa
lọ́dún tí omi wọlé.
Ìdajì owó rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀mọ̀ báyìí,
àpótí ló ń pín in, kì í sọ pé
“ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì”
bí ẹ ti máa ń sọ, Bàbá, ẹ má bínú.

Ẹ ní: ta ló ń dúró ti ọjà?
Mo ní kò sẹ́nìkan.
Ẹ yí kásẹ́ẹ̀tì, ẹ yí i títí.
Ẹ ní: ènì ńkọ́?

Ènì.
Mi ò rí ọ̀rọ̀ yẹn nínú èdè tí àpótí ń gbọ́.
Ó mọ gbà, ó mọ fún,
ó mọ ìṣirò ju akọ̀wé báǹkì lọ,
kò mọ ohun tí à ń fi lé e
lẹ́yìn tí ìṣirò bá ti pé.
Mo jókòó tì í di àfẹ̀mọ́júmọ́.
Mo kọ ọ́ báyìí: bí oníbàárà bá sanwó pé,
mú orin kan sí i láti ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀,
èyíkéyìí, má béèrè, má kọ ọ́ sínú ìwé.

Aago márùn-ún, Olórí-Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ padà wá.
Ó ra ọ̀kan. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi kọ̀wé sí mi:
àpótí yín tún ti ṣàṣìṣe o,
méjì ló fún mi.
Mi ò mọ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Mi ò mọ bóyá ọkùnrin ni.
Mo ní kì í ṣe àṣìṣe.
Mo wá ọ̀rọ̀ tí màá fi túmọ̀ rẹ̀, mo wá a tì,
mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ènì ni.

Ẹ ti sùn nígbà yẹn, bíròó wà nínú ihò kásẹ́ẹ̀tì.
Dátà mi ku díẹ̀ kó tán.
Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣì dúró lábẹ́ páànù pupa,
kò lọ, kò sọ̀rọ̀,
mo rò pé ó ń gbọ́ èkejì.